Níbo Ni Bọ́ọ̀lù Wà?

"Doyin, níbo ni bọ́ọ̀lù wà?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Bàbá Olúsànmí ń béèrè. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó na etí sí tẹlifíṣọ̀n. Àìsàn ojú ti gba ìmọ́lẹ̀ lójú bàbá, ṣùgbọ́n kò gba béésìbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wa takisí káàkiri Bronx lókè òkun ló ti ń gbọ́ eré náà nínú rédíò ọkọ̀, kò sì sí ìyàwó tàbí òjò tó lè ní kó pa rédíò náà.

Doyin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nà sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Exit velocity ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, Bàbá. Pẹ̀lú launch angle yẹn, barrel ni."

"Mo gbọ́. Ṣé wọ́n mú un àbí wọn ò mú un?"

"Spin rate ẹni tó jù ú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́."

Màmá Adéníkẹ́, ìyàwó bàbá, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, ju ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí i nínú láti àárọ̀. Ó ní bàbá béèrè bọ́ọ̀lù, ọmọ ń sọ àgbá fún un. Ṣé inú àgbá ni bọ́ọ̀lù kó sí ni? Kí Doyin tó gbójú sókè, ìpolówó ọjà ti gba ojú tẹlifíṣọ̀n. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù náà já sí nínú ilé wọn ní Morris Heights ní Bronx.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ojú bàbá ti lọ, wọ́n á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, Doyin á jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì máa fi Yorùbá sọ gbogbo ohun tó ń rí. Bàbá ló kọ́ ọ ní ìlànà: kọ́kọ́ sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, sọ ẹni tó ń sáré, sọ ibi tó sáré dé. Lẹ́yìn ìyẹn, dá ọgbọ́n tó bá wù ọ́ sí i. Doyin a sì máa dá a. Ó sọ eléré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ní Ehoro, ó sọ ẹnì kan tó máa ń tutọ́ ṣáá ní Baba Òjò. Ẹnu rẹ̀ ni Màmá pàápàá ti kọ́ eré náà láti ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ Màmá yìí kan náà ló rò nígbà àkọ́kọ́ pé àwọn ọkùnrin tó dúró káàkiri orí pápá ń dúró de bọ́ọ̀sì ni, tó ń káàánú wọn pé bọ́ọ̀sì ò tètè dé.

Ohun tó yí Doyin padà kò ju méjì lọ. Ilé ìwé rẹ̀ ní ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù, wọ́n sì máa ń gbé eré wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni Brian, olùkọ́ tó ń bójú tó ètò náà, ní kí Doyin wá sọ bí eré Sátidé ṣe ń lọ. Bó bá ṣe é dáadáa, òun náà ni yóò sọ ti àṣekágbá. Ọmọ náà ò lè sùn fún ayọ̀. Èkejì ni Ashley, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ashley gbọ́ bó ṣe ń sọ eré fún bàbá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí rédíò àwọn tó ti kú ló ń dún. Ó ní lóde òní, ẹ̀rọ ń wọn gbogbo nǹkan, ẹni tí kò bá sì lè pe orúkọ ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n, ará oko ni. Láti ọjọ́ náà ni Doyin ti ń kó ọ̀rọ̀ tuntun sẹ́nu bí ẹni tó bu iṣu gbígbóná jẹ.

Màmá ní kó tu iṣu náà. Doyin kò janpata, ó kàn rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí àwọn ti ìgbà tiyín náà ń pe bọ́ọ̀lù tó rọrùn láti mú ní agolo àgbàdo. Kí ni àgbàdo ń wá níbẹ̀, Màmá?"

Ẹ̀rín gbé Màmá débi pé ìró rẹ̀ tú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá wọ́n ń ta àgbàdo náà lórí pápá, kó bá òun ra díẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tètè padà.

"Gbogbo ìgbà ló ní ẹnà tirẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pe agolo àgbàdo, wọ́n á ti sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù ga sókè, ó ń bọ̀ lápá òsì, ẹnì kan sì ti dúró sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ọjà gbà. Àgbàdo yẹn, èènì ni."

"Ayé ti yí padà, Bàbá," ni Doyin wí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ wọ yàrá.

Nígbà tí Sátidé dé, Rìnsọ́lá, ọmọ bàbá tó bí Doyin, wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Felipe, aládùúgbò wọn ará Puerto Rico, gbé àga rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kó lè bá bàbá gbọ́ eré. Màmá gbé fóònù sínú abọ́ tánganran kan tó ṣófo kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Inú gbogbo wọn ń dùn, nítorí Kànmí, ẹ̀gbọ́n Doyin, wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ohùn Doyin ń dún kedere, ọ̀rọ̀ ń jáde bí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ wo inú omi náà, kò sí ẹja kankan. Felipe bi bàbá pé ta ló ń ṣáájú. Bàbá ní òun náà ń retí ẹni tó máa sọ fún òun ni. Màmá ń mí sókè sódò, ó ń bá abọ́ jà, ó ní bóyá abọ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Doyin ṣèèṣì sọ pé ọ̀mì ni wọ́n ṣì wà, Kànmí sì ti dé ibùdó kẹta. Ó ku kó sáré wọlé, wọ́n á borí. Bàbá tẹ̀ síwájú. Wọ́n gbọ́ bí igi ṣe gbá bọ́ọ̀lù, kọ̀ọ́. Ariwo sọ. Lójijì ariwo náà dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n da omi sí iná, obìnrin kan figbe ta, ohùn ọkùnrin kan sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ náà.

Doyin sì ń ka nọ́ńbà. Orí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ ló tẹjú mọ́, ó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó, bó ṣe ga tó, bó ṣe yí tó.

"Kànmí ńkọ́?" ni bàbá béèrè lọ́wọ́ abọ́ tánganran. Ó ti dìde dúró. "Doyin, Kànmí ńkọ́?"

Màmá ò dúró gbọ́ nọ́ńbà mìíràn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó já sóde. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ ti bà jẹ́, nítorí náà àtẹ̀gùn ló gbà lọ sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ìró rẹ̀ ń lọ sósì. Ó sáré gba iwájú ṣọ́ọ̀bù onírun, ó sáré kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe Kànmí, ó sì ń bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà.

Nígbà tó dé pápá, Kànmí ló kọ́kọ́ rí. Ó jókòó, ó ń jẹ ọsàn. Ó ti wọlé, wọ́n ti borí. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó ilé fún ẹgbẹ́ kejì ni òun fi èjìká gbá láyà, tí èémí rẹ̀ sé fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn náà ti dìde, ó ń mumi.

Kànmí wo ìyá àgbà láti orí délẹ̀. "Màmá, bàtà ta lẹ wọ̀?"

Màmá wo ẹsẹ̀. Sílípáàsì tirẹ̀ ló wà ní ọ̀tún, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì bàbá ló wà ní òsì. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kò wá.

Doyin wà nídìí máíìkì rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, Ashley ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ẹ. Bàbá náà gbọ́ ẹ. Orí ìdúró ló wà nílé báyìí, kò mọ̀ bóyá Kànmí wà láàyè."

Ẹ̀rín kú lójú ọmọ náà. Ó wo fóònù rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí òun náà ń gbọ́ eré lẹ́nu iṣẹ́, ti pè é láti ọsibítù láìmọye ìgbà. Màmá pe ilé, ó na fóònù sí i, ó ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Doyin sọ ọ́ pé Kànmí wà láàyè, wọ́n sì ti borí. Bàbá ò bínú sí i. Ó kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọpẹ́ yẹn dun Doyin ju pàṣán lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gbẹ́ni Brian pè é. Àwọn òbí púpọ̀ ti fẹjọ́ sùn pé ẹ̀rù ba àwọn, àwọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan, Danny, ni yóò sọ àṣekágbá. Bí Doyin bá fẹ́, kó gba ìpele keje nìkan, èyí tó kẹ́yìn. Ashley ní kó má gba òkèlè àjẹkù. Doyin sunkún délé. Màmá fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi òtítọ́ pamọ́ fún un.

"Ẹ̀bìtì tí kò peku, ó yẹ kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Wọ́n fún ẹ ní ẹyìn, o ò peku. Ìyẹn ò ní kéèyàn má tún ẹ̀bìtì dẹ."

Doyin kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó tọrọ àforíjì. Bàbá ní kó dìde, kó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó tún padà sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú sí pápá, ẹnu sí etí bàbá. Kò gbàgbé àwọn ọ̀rọ̀ tuntun, bàbá ò sì ní kó gbàgbé wọn. Ó kàn ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé ọjà lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ àṣekágbá, bàbá ní òun fẹ́ wà lórí pápá. Màmá dì í lọ́wọ́ mú, Felipe gbé àga. Bàbá fi fóònù sétí. Ohun tó sú Màmá ni pé ohùn inú fóònù máa ń pẹ́ dé lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀: ariwo á ti sọ, àwọn èèyàn á ti jókòó padà, kí ọ̀rọ̀ tó wọ etí bàbá.

Ìpele keje dé, Doyin gba máíìkì. Ẹgbẹ́ wọn fi àmì kan péré wà lẹ́yìn. Kànmí ló di igi mú, ẹnì kan sì ń dúró ní ibùdó kejì. Bí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù tó gbá láfẹ́fẹ́, ó parí. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó gbá a, gbogbo èèyàn dìde, ariwo sọ, lẹ́yìn náà apá kan pápá ń fò, apá kejì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yọ sétè Màmá. Ó la ẹnu kó sọ ọ́.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Rìnsọ́lá, dúró. Jẹ́ kí Doyin sọ fún mi."

Màmá pa ẹnu dé. Iṣẹ́ tó nira jù tó ṣe lọ́dún yẹn nìyẹn. Ó tẹ etí mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Ohùn Doyin dé wẹ́rẹ́.

"Kànmí gbá a. Bọ́ọ̀lù ga sókè, apá òsì ló ń lọ. Ẹni tó wà ní ibùdó kejì ti ń sáré bọ̀. Ọmọ tó ń ṣọ́ òsì ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ọgbà. Ó fò, ó na ọwọ́. Ó mú un. Ó ti mú un. Eré ti parí, wọ́n ti borí wa. Kànmí dúró láàárín ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà, ó ń wo ilẹ̀. Ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ń sáré bọ̀ wá dì mọ́ ọn." Ó wá fi kún un pé bọ́ọ̀lù náà ló ní exit velocity, ìyẹn eré tí bọ́ọ̀lù fi kúrò lára igi, tó pọ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà.

Bàbá rọra sọ fóònù kalẹ̀ lórí itan. Ojú rẹ̀ wà ní apá òsì pápá, síbi ọgbà gan-an.

"Mo rí i," ni ó wí.

Màmá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní eruku kó sí òun lójú. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ tuntun kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, ẹ kọ́ ọ, ẹ fi dárà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ máa sọ ohun tó dùn lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú yín rí, nítorí ẹnì kan ń bẹ níbì kan tó jẹ́ pé ojú yín ló fi ń ríran. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà kan yóò tún wọ bàtà ọkọ rẹ̀ jáde sí títì.