Ẹnu Àǹtí Lábísí

Omi ti fà kúrò lóko, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀gẹ́ tó jẹrà ṣì gba ìlú Ilobi kan lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè wọ agbo ilé àwọn Habeebah. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan ni, ó wá wo àwọn tí omíyalé ba oko wọn jẹ́. Ìwọ̀nba èèyàn ló bá nílé: Habeebah, ìyá rẹ̀ Mẹ̀dínátù, àti Lábísí, aládùúgbò wọn.

"Ẹ má bínú," ó ní, "ohun tó wà nílẹ̀ kò kárí. Ìdílé kan la lè kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́ nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ la ń wá."

Ó kọjú sí Lábísí. Lábísí kò gbọ́rọ̀ láti kékeré, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi, ṣùgbọ́n ìyá Lábísí ti kú. Habeebah nìkan ló kù tó gbọ́ èdè ọwọ́ náà délẹ̀, torí ẹ̀yìn Lábísí ló dàgbà sí. Òun ló ń bá a lọ sọ́jà, òun ló ń bá a lọ sílé ìwòsàn.

"Ọmọ mi, bá mi bi í," Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè sọ fún Habeebah. "Kí ló ṣẹ́ kù fún un lóko? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?"

Lábísí fọwọ́ ṣàlàyé pé omi kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, pé láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá àwọn ni ẹ̀gbọ́n òun kò ti wẹ̀yìn wò. Habeebah rí gbogbo rẹ̀ kedere. Àmọ́ ó rántí àwọn àbúrò rẹ̀ tó sunkún ebi lọ sílé ìwé láàárọ̀ yẹn.

"Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń ránṣẹ́ sí òun láti Èkó," ó dáhùn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ó ní díẹ̀ ṣẹ́ kù lóko."

Mẹ̀dínátù gbọ́, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbẹ́nu dákẹ́.

Bí gàrí, ìrẹsì àti òróró ṣe dé ilé Mẹ̀dínátù nìyẹn. Lábísí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ alágbàṣe lóko olóko. Kò pẹ́ tí ibà fi dá a dúró. Lọ́jọ́ kan, Habeebah rí i tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ lóun nìkan, ó ń fara ti ògiri rìn. Nọ́ọ̀sì kò lóye rẹ̀, Lábísí sì ti padà láìgba ìtọ́jú.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?" Habeebah fọwọ́ bi í.

Lábísí fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀, ó nàka sí Habeebah, ó wá tẹrí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Habeebah ti ṣe lọ́jọ́ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Habeebah kò lè jẹun. "Màmá, mo parọ́ mọ́ wọn."

"Èmi náà gbọ́, mo dákẹ́," Mẹ̀dínátù ní. Ó bu gàrí tó kù sínú abọ́, ó gbé e lọ sílé Lábísí. Lábísí gbà á, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè kó igi ẹ̀gẹ́ wá fún gbígbìn, gbogbo agbo ilé péjọ. Habeebah kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó sọ òtítọ́. Àwọn kan pòṣé.

"Èmi náà lẹ́bi," Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ní. "Ẹnu ẹnì kan ni mo gbọ́ tí mo fi ṣèdájọ́. N ò dé oko, n ò bi aládùúgbò."

Habeebah gbọ́wọ́ sókè láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Lábísí. Lábísí mi orí pé rárá. Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó fà á lọ sóko fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n kó igi ẹ̀gẹ́ náà fún. Ilé Mẹ̀dínátù kò rí igi gbìn, Habeebah wá lo gbogbo àsìkò ìgbìn náà níbi iṣẹ́ alágbàṣe pẹ̀lú ìyá rẹ̀, oòrùn sì fojú rẹ̀ rí màbo.

Ẹ̀gẹ́ tuntun ti ń yọ ewé kí Lábísí tó tún kan ilẹ̀kùn wọn. Inú ń run ún, ó fẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Níwájú nọ́ọ̀sì, kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Habeebah bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ síwájú Habeebah, ó tẹjú mọ́ ojú ọmọ náà títí tó fi sọ̀rọ̀ tán. Habeebah sọ gbogbo rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, kò sì gbójú kúrò.

Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn, ẹnu ẹlẹ́nu ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi jẹun ara rẹ̀.