Ẹ̀rọ Tí Ayọ̀kúnnúmi Yàn

"Èyí ń lo iná mànàmáná, ìyẹn ń lo bẹntiróòlù," ni ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ìgékoríko wí. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀ síwájú Bàbá Ògúntádé àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ayọ̀kúnnúmi.

Kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó gbin koríko síwájú ilé wọn ní Bajulaiye, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè fi àdá gé e mọ́.

"Èyí tó ń lo iná ni ká mú," ni Bàbá wí. "Mi ò fẹ́ bẹntiróòlù nínú ilé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, iná wo?" ni Ayọ̀kúnnúmi dáhùn. "Ìgbà mélòó la ń rí iná ọba lọ́sẹ̀? Koríko á ti ga dé ojú fèrèsé ká tó rí i gé."

Bàbá rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. "Ó dáa. Àmọ́ epo tí o máa lò lọ́jọ́ náà nìkan ni kí o rà. Má gbé e wọlé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó pa àṣẹ Bàbá mọ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, epo di ọ̀wọ́n, èrò kún gbogbo ilé epo tó wà ní Pedro. Ayọ̀kúnnúmi kò fẹ́ tò mọ́. Ó ra bẹntiróòlù kún kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tabitha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń dáná nílé láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ìdánwò tí yóò fi wọ yunifásítì ti dé tán, ó ń kàwé tọ̀sán-tòru. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kẹrosíìnì tán nínú sítóòfù. Ó rí kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú, kò gbọ́ òórùn. Ó rọ epo náà sínú sítóòfù, ó sì ṣáná sí i.

Igbe rẹ̀ ni Ayọ̀kúnnúmi gbọ́ níwájú ilé. Kí ó tó débẹ̀, iná ti mú aṣọ Tabitha. Alájì Yísà, alájọgbé wọn, ló fi kúbùsù tútù bò ó títí iná fi kú. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Tabitha kò kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò, orí ibùsùn ló wà, báńdéèjì sì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ayọ̀," ó pè é jẹ́jẹ́, "kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ayọ̀kúnnúmi fẹ́ sọ pé ọ̀wọ́n epo ló fà á. Ṣùgbọ́n ó bú sẹ́kún.

Bàbá kò pariwo mọ́ ọn. "O bá mi jiyàn lórí ẹ̀rọ, mo sì gbà fún ẹ, torí pé ojú mi lo ti sọ ọ́," ó ní. "Èyí tó o ṣe ní bòókẹ́lẹ́ ló jó wa."

Tabitha béèrè omi. Ayọ̀kúnnúmi gbé ife sí i lẹ́nu, ó rọra ń fún un mu. Ó ti yé e wàyí pé ẹni tó bá gbé ewu wọlé láìsọ fún ará ilé lè fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.