Sípíríǹgì Mẹ́jọ Inú Agolo

Láti aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Sájẹ́ǹtì Fàsásì ti kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ Pijó 403 kan. Ó ti fọ dúrọ́ọ̀mù bíréèkì méjèèjì mọ́. Ó ti to àwọn irin bíréèkì sórí aṣọ funfun, ti ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: sípíríǹgì mẹ́jọ tí yóò máa fa irin náà padà, tí yóò sì dì í mú kí ó má baà máa mì nínú dúrọ́ọ̀mù.

Ó na ọwọ́ sí agolo. Ó ṣí i.

Kò sí sípíríǹgì níbẹ̀. Ewé eéran kan tí wọ́n ṣẹ́ po ló bá. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nínú ewé náà.

Ó gbé agolo kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni òun àti Sàláwù, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù ní Ìjókù ní Ṣàgámù, fi wá sípíríǹgì wọ̀nyẹn. Wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n dé Èkó, wọ́n kọ lẹ́tà sí Kútọnu. Ti Pijó 504 gùn jù. Èyí tí alágbẹ̀dẹ kan rọ fún wọn ṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Ọkọ̀ ọdún 1962 ni, ọdún 1994 ni wọ́n sì wà. Ogún ọdún ni Fàsásì fi tún ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó kórìíra jù láyé ni kí wọ́n fi làálàá èèyàn ṣòfò.

Boaz Mákánjúọlá jáde síta. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ni ọkọ̀ náà. Olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Dókítà ni Boaz ní Àbújá. Ó wá sílé ní Ìkẹ́nnẹ́ láti wa ọkọ̀ náà lọ lọ́jọ́ Ajé. Ó wo inú agolo.

"Sàláwù ni," ó ní. "Ta tún ni ì bá jẹ́?"

Sàláwù dìde lórí táyà tó jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Dókítà, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Èmi ni mo gbé e wá. Kí ni màá tún wá jí i fún?"

Fàsásì ní kí àwọn méjèèjì dákẹ́. Ó to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe to irin. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin, Sàláwù gbé agolo dé. Fàsásì ka sípíríǹgì lójú gbogbo wọn, ó pé mẹ́jọ. Ó dé agolo náà, ó ní kí Màmá Ellen, ìyá Boaz, bá òun gbé e sí yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ parí níbẹ̀. Ilé Adífẹ́ńtì ni. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, òòlù kan kò gbọdọ̀ dún nínú ọgbà náà títí oòrùn ọjọ́ kejì yóò fi wọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀.

"Gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì," Boaz ní, "òun sì wà níbí. Ìyá Àbẹ̀bí tó ń gbé òdìkejì rí i tó wọlé lọ́sàn-án àná."

Fàsásì yíjú sí Sàláwù. Sàláwù ní òótọ́ ni. Jáàkì tí òun gbàgbé sábẹ́ ọkọ̀ lòun wá mú. Òun kò dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ wo ewé yẹn náà," Boaz ní. "Ṣebí obì ni ìyàwó rẹ̀ ń tà ní ọjà Ọ̀fin? Kí ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ obì?"

Ewé eéran ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ.

Boaz ní bí sípíríǹgì kò bá jáde kí ó tó di aago méjìlá, òun yóò lọ pe ọlọ́pàá. Sàláwù rọra padà jókòó sórí táyà. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, tí ọlọ́pàá bá ti mú un lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tí yóò tún ra nọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Fàsásì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ewé náà sínú àpò, ó sì wọlé.

Orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Màmá Ellen. Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i.

"Màmá, ibo lẹ gbé agolo náà sí lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ibi tí ẹ ní kí n gbé e sí náà ni."

"Ẹ rí ẹni tó wọ yàrá ìkẹ́rù lánàá?"

"Lánàá? N ò rí ẹnì kankan."

"Ẹ rò pé Sàláwù ló mú un?"

"Ṣé bí ẹ̀yin ṣe rò ó nìyẹn?"

Fàsásì dúpẹ́, ó gba ilé ìdáná lọ. Bánkẹ́, ìyàwó Boaz, ń fọ abọ́ níbẹ̀. Kò fi bò pé òun kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Irin àtijọ́ ni, ó ní. Kò sí ibi tí wọ́n máa gbé e sí ní Àbújá.

"Ṣé ìwọ lo mú sípíríǹgì?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni, Sájẹ́ǹtì, mo máa ju bátìrì rẹ̀ náà sí kànga."

Fàsásì kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tí wọ́n sè lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni, Bánkẹ́ ní, torí wọn kì í dáná lọ́jọ́ Ìsinmi. Agolo mílíìkì lòun fi se tòun. Ewé ni Màmá pọ́n tiwọn sí. Wọ́n ní ti agolo kì í ta sánsán.

"Ìwọ kì í pọ́n ọn sí ewé?"

"N ò mọ̀ ọ́n ṣẹ́. Tí mo bá ṣẹ́ ẹ, ó máa ń jò ni."

"Ṣé ọ̀ọ̀lẹ̀ náà ṣẹ́kù?"

Mẹ́ta nínú ti Màmá ló kù nínú fìríìjì. Fàsásì mú ọ̀kan, ó sì pe gbogbo wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ewé ọ̀ọ̀lẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé ewé òkúta tì í.

"Olóbì kì í ṣẹ́ ewé," ó ní. "Pẹrẹsẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, tigi tigi rẹ̀. Ẹ wo èyí. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé igi ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí ó má baà ya. Wọ́n wé e bí àrọ tí a fi ń rọ epo, wọ́n sì ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí omi má baà jò. Ẹni tó bá fẹ́ di òkúta kò nílò gbogbo ìyẹn. Ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n ló ṣe é láìrò ó."

Ó yí ọ̀ọ̀lẹ̀ náà padà. Ìdí rẹ̀ ní ìṣẹ́po méjì, bákan náà géérégé.

"Bánkẹ́ kò mọ̀ ọ́n ṣẹ́. Màmá, mo bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ kò parọ́ kankan fún mi. Ẹ gbé agolo síbi tí mo ní. Ẹ kò rí ẹnì kankan lánàá. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ pé ẹ̀yin kọ́."

Màmá Ellen gbé Bíbélì kúrò lórí itan.

"Èmi ni," ó ní. "Mo kó òkúta sí i kí ó lè wúwo, mo fi ewé dì í kí ó má baà dún. Oòrùn ọjọ́ Ẹtì kò tíì wọ̀ nígbà tí mo ṣe é. N ò ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Màmá, kí ló dé?" Boaz bi í.

"Ọkọ̀ tí kò bá lè dúró, kò lè kúrò nílé."

Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun fi jókòó ti bàbá Boaz nínú ọkọ̀ yẹn. Àmì orí ọkọ òun ṣì wà lára àga ọkọ̀ náà.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi pé ẹ kò fẹ́," Boaz ní.

"Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, mo sọ níwájú ẹbí pé kí o máa mú un lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ti sọ, n kì í kó o jẹ."

Fàsásì kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ kò parọ́, ẹ kò kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, ẹ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Síbẹ̀ ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé nítorí yín. Gbólóhùn kan péré ni, Màmá: mi ò fẹ́ kó lọ mọ́. Ó rọrùn ju olè jíjà lọ."

Màmá Ellen dìde láti kúnlẹ̀ fún Sàláwù. Sàláwù yára dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní kí wọ́n má fi òun gba èpè. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí Boaz, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù," Boaz ní níkẹyìn.

Inú àpótí kékeré ara ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ni sípíríǹgì wà, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Boaz ní bóyá kí wọ́n kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Fàsásì ní òun kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbede méjì. Ó kúnlẹ̀ padà. Ó fi ẹ̀mú fa sípíríǹgì kọ́ ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkeje já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bó o lọ́wọ́. Ìkẹjọ wọlé. Ó dé dúrọ́ọ̀mù, ó yí táyà. Kò ha, kò dún.

Boaz wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró ṣinṣin, kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì. Nígbà tí wọ́n padà, Boaz yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀.

Fàsásì ka irinṣẹ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú àpótí. Ní ẹnu géètì, Màmá Ellen fún òun àti Sàláwù ní ọ̀ọ̀lẹ̀ méjì tó kù. Sàláwù gbé tirẹ̀ sétí, ó mì í jẹ́jẹ́.

"Kí lo ń gbọ́?" Fàsásì bi í.

"Mò ń wò ó bóyá òkúta ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Fàsásì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó ta ẹsẹ̀ sí alùpùpù Vẹ́sípà rẹ̀, Sàláwù gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì forí lé Ṣàgámù.