Omi Ọsàn Kíkan Inú Ìkòkò Tuntun

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Atọ́bẹ̀wò kò ṣàìsàn kó tó kú. Inú ń rún un láti bí ọjọ́ mélòó kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni inú kì í rún? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó ń fi àjákù aṣọ wé gèlè fún ọmọláńgidi rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Aránṣọ, tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ lọ. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, gìrì ti gbé ọmọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́. Ọmọ tí kò sí ìdáná tí kì í yọjú sí, tí kò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí kì í lá! Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ rẹ̀.

Ikú ọmọdé kì í sì í wá lásán, ó máa ń mú ẹjọ́ dání. Omijé kò tíì gbẹ lójú àwọn obìnrin ibi ẹ̀rọ omi tí ahọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ọ̀kan nínú wọn ní. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹ dákẹ́ o. Ẹ ò gbọ́ bí àgbébọ̀ ìyá yẹn ṣe kọ bí àkùkọ láìpẹ́ yìí?"

Ìyá Aládìẹ ni wọ́n ń bá wí, ìyá tó bí Aránṣọ fúnra rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, òun àti adìẹ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ajórin, tó ń jó irin tó sì ń tún ìkòkò ṣe, ń gbé yàrá àárín pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ló ni yàrá iwájú tó kọjú sí títì. Agboolé kan, ìdílé kan, bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyá ọmọ, ẹni tí ikú náà dùn jù ni Adúmáadán, ìyàwó Ajórin. Obìnrin dúdú tó ń dán ni, ó rẹwà, ó lawọ́, àmọ́ kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ìyá. Ọdún ń gorí ọdún. Atọ́bẹ̀wò ló fi ń pa ìrònú rẹ́. Ọmọ náà á jí, á sáré wá bá a, á na abọ́ kékeré rẹ̀ síwájú: "Àǹtí, ó kù síbẹ̀?" Adúmáadán á ní, "Ó kù, olójúkòkòrò."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ni gbòǹgbò ìtàn náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa. Adúmáadán lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kó yí oúnjẹ rẹ̀ padà kí oyún tó dé: kó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kó dín nǹkan díndín kù, kó yé febi di ọ̀sán, kó máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti èso. Ìmọ̀ràn gidi ni, ẹnikẹ́ni má bá nọ́ọ̀sì wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ń pọ́n lójú kì í gba ìmọ̀ràn níwọ̀n. Igi ọsàn kan wà lẹ́yìnkùlé tí èso rẹ̀ kan débi pé àwọn ọmọ àdúgbò kì í jí i. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ó ń fún un sínú ẹ̀fọ́, ó ń fún un sínú ẹja, ó sì ń fún omi rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó lè mu ún bí ó bá jí.

Ìyá Aládìẹ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ewé láàárọ̀, ewé lálẹ́! Ìgbà wo ni ọmọ mi fẹ́ ewúrẹ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìyá náà kì í bá wọn jẹun tẹ́lẹ̀. Ìkòkò amọ̀ rẹ̀ ló fi ń se tirẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó ní oúnjẹ inú irin kì í bá òun lára mu. Nígbà tí ọmọ kú, àwọn ará ibi ẹ̀rọ omi rántí ìyẹn náà. Wọ́n ní kí ló ń sè tí kò fẹ́ kí wọ́n rí?

Inú Ajórin ní tirẹ̀ dùn sí oúnjẹ tuntun yìí. Kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń bá a sọ ọ́. Ó mú ìkòkò irin ńlá kan tí oníbàárà kan pa tì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lù ú gún régé, ó sì fi irin yíyọ́ bo inú rẹ̀ títí tó fi ń dán bíi dígí. "Bí oúnjẹ ẹ bá máa di tuntun," ó ní, "ìkòkò ẹ náà gbọ́dọ̀ di tuntun." Adúmáadán sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó wá yà á lẹ́nu ni pé bó bá fún omi ọsàn sínú ìkòkò yẹn nírọ̀lẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀, kíkan rẹ̀ á ti rọ̀, á ti máa dùn. Ó kà á sí àmì. Ó ní Ọlọ́run tó ń sọ kíkan di dídùn kò ní gbàgbé òun.

Oyún dúró lóòótọ́. Kò pẹ́, ó wálẹ̀. Láti ìgbà yẹn, inú ń rún Adúmáadán, orí ń fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹnu ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu sùn. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú agboolé. Lẹ́yìn náà ni Atọ́bẹ̀wò tẹ̀ lé wọn.

Nǹkan oṣù Adúmáadán sì tún ti dúró báyìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀rù ń bà á. Bí àjẹ́ bá wà nínú ilé, ṣé ẹni tó jẹ ti àkọ́kọ́ máa dá ti èkejì sí?

Ìdájí ọjọ́ kan, ó jí láti lọ mu omi ọsàn rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró. Ìyá Aládìẹ ti wà nínú ibẹ̀. Ó ṣí ìkòkò tuntun, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tu itọ́ sílẹ̀. "Kì í ṣe ojú lásán," ó ń kùn. "Kì í ṣe ojú lásán rárá." Ó gbé ìkòkò, ó da omi ọsàn náà sí gọ́tà, ó sì yọ́ lọ sẹ́yìn. Adìẹ kan ké nínú àgò. Adúmáadán yára padà sí yàrá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fa Aránṣọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àpò àjákù aṣọ, ó sọ ohun tó rí.

"Ìyá tó bí mi lò ń sọ o, Ìyàwó," Aránṣọ ní.

"Ojú mi ló rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbá mi létí."

Aránṣọ ń ká òwú mọ́ ìka rẹ̀ títí ìka náà fi funfun. "Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kú," ó ní, "Màmá ò sunkún. Ìwọ ló ń wò. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun ń ronú ni." Ó já òwú náà. "Ẹ pe Aríran wá."

Aríran dé lọ́jọ́ kejì. Agboorùn wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òjò ò rọ̀, oòrùn ò mú. Àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan. Ó yí agboolé ká, ó fi imú fín ògiri, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ó ní. "Ta ló ń ṣí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ni Ìyá Aládìẹ bá jáde láti ẹ̀yìn, ó ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

Gbogbo agboolé ké háà. Aríran ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà wá. Omi ọsàn ìrọ̀lẹ́ àná ṣì wà nínú rẹ̀, torí pé àtàná ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa. "Bí ọwọ́ ẹ bá mọ́," ó ní, "mu ún."

"Mi ò ní mu ún."

"Màmá, ẹ mu ún!" Ajórin pariwo. "Ẹ mu ún kí gbogbo wọn lè pa ẹnu dé!"

"Mo ní mi ò ní mu ún! Ikú wà nínú ẹ̀. Ibi tí ìyàwó yìí ń ṣan ìkòkò rẹ̀ sí ni àwọn adìẹ mi ti ń mu, gbogbo èyí tó mu níbẹ̀ ló kú. Atọ́bẹ̀wò mu, Atọ́bẹ̀wò kú. Ẹ ń wá àjẹ́? Ẹ bi ẹni tó ń sè é! Mò ń dà á nù kó má baà pa ọmọ mi náà ni." Ó na ìka sí Adúmáadán. "Obìnrin yìí ni mo rò. Òun ni mo ṣì ń rò."

Hùn! Ìyàwó rò pé ìyá ọkọ ni àjẹ́, ìyá ọkọ rò pé ìyàwó ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa gba ti arúgbó tó kọ̀ láti mu? Aránṣọ wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó ju apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀ síta, aṣọ fọ́n ká sínú ìyàgbẹ́ adìẹ. "Ọmọ ọmọ yín!" ó ń ké. "Ọmọ tó ń pè yín ní ìyá àgbà!"

Ìyá Aládìẹ kò wo Aránṣọ, Ajórin ló wò. "Ìwọ ńkọ́?"

Ajórin wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ máa lọ."

"Mo ti gbọ́," ìyá náà ní. Ó ṣa aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn ìdọ̀tí ara wọn nù, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó sì jáde láàárín èrò. Wọ́n yà fún un bí ẹni pé ó ń jóná.

"Ó ku ohun kan," Aríran ní. "Kí ìyàwó mu ún tán, kí agbára ẹni tó lọ lè fọ́."

Adúmáadán bu omi ọsàn náà sínú abọ́, ó gbé e sẹ́nu. Ó dùn. Ó dùn bí ó ṣe máa ń dùn. Ó fẹ́ gbé e mì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan abẹ́ inú rẹ̀, ó sì rántí àwọn adìẹ. Àárọ̀ yẹn gan-an ló bu ọsàn kan jẹ lábẹ́ igi, eyín rẹ̀ kan títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Igi kan náà ni. Ṣúgà kan kò sí nínú ilé. Kí ló wá ń dùn nínú rẹ̀? Ó tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ó da ìyókù inú ìkòkò nù, ó sì wo ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Dídán ti lọ. Ó ti rí hágahàga, irin dúdú sì ń yọjú.

"Ọkọ mi," ó ní, "kí lẹ fi bo inú ìkòkò yìí?"

"Ṣé àsìkò ìyẹn nìyí?"

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Tánganran, irin funfun yẹn, la máa ń lò. Ó ti tán lọ́jọ́ yẹn. Òjé ni mo lò, èyí tí mo yọ́ nínú bátìrì ọkọ̀. Mo tẹ́ ẹ nípọn gan-an torí pé ìwọ ni."

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yọ́ òjé, ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ iṣẹ́ yín. Ẹ kì í jẹun kẹ́ ẹ tó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé?"

Ajórin wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Ó ní òjé máa ń pani. Èéfín ẹ̀... èmi rò pé èéfín ẹ̀ ni. Mo rò pé tó bá ti tutù, irin lásán ni." Ó gba ìkòkò, ó fi ọ̀bẹ họ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nba fúlẹ́fúlẹ́ ló bọ́. Ó tún họ ọ́. "Ó nípọn bí èékánná nígbà tí mo tẹ́ ẹ," ó ní, bíi pé ọmọdé ni. "Níbo ló wà?"

"Kíkan ọsàn ti jẹ ẹ́, òun ló ń dùn lẹ́nu. Ó ti wọ inú wa lọ," Adúmáadán ní.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ajórin. Ó kọ ìdí sí gbogbo wọn, ó sáré gba títì lọ, ó ń pe "Màmá! Màmá mi!" títí ohùn rẹ̀ fi jìnnà. Aríran tó ń rí ohun gbogbo ti rí ọ̀nà ilé, ó gbàgbé agboorùn rẹ̀ sídìí ògiri. Àwọn èrò tú ká wọ́ọ́rọ́wọ́.

Adúmáadán nìkan ló kù àti Aránṣọ, pẹ̀lú ìkòkò láàárín wọn. Adúmáadán gbé ọwọ́ lé abẹ́ inú rẹ̀. Ohun tó ń bẹ níbẹ̀ ti bá a mu nínú ìkòkò yìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un bóyá ó máa dúró. Ẹ̀rù àjẹ́ sàn ju èyí lọ. Àjẹ́, èèyàn á ní ẹni tó máa ṣépè fún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún Atọ́bẹ̀wò láràárọ̀, tìfẹ́tìfẹ́.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún, kò bú u. Abọ́ kékeré Atọ́bẹ̀wò ṣì wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná, kò tíì sí ẹni tó lè gbé e kúrò. Ó ń wò ó.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu?"

Adúmáadán wá irọ́ tó máa pa, kò rí.

"Ó dùn mọ́ ọn," ó ní. "Ó máa ń ní kí n bù sí i."