Àtẹ́lẹwọ́ Lára Ògiri

Sugan ń ka àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀ odi àwọn ọba àtijọ́ ní Jodhpur nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkùnrin kan tó wé láwàní pupa bí ọba, tó sì gbé tíréè omi tútù lọ́wọ́. Aṣọ rẹ̀ ń dán gbinrin, ìlẹ̀kẹ̀ ayédèrú kún ọrùn rẹ̀, òógùn sì bò ó. Ó tẹ̀lé àwọn àlejò gun gbogbo òkè yẹn, ẹ̀kán omi kan kò dànù.

"Kábíyèsí ìlú wo rèé?" ni Sugan bi í.

"Kábíyèsí onítíréè ni, màdáámù. Yàrá mẹ́rin péré ni ìlú mi nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀sẹ̀ kan làwọn ará ìlú mi sì ń lò. Ẹ gba omi."

"Ti àwọn àlejò ni."

"Wọ́n ti mu tiwọn. Ẹ̀yin lẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀."

Sugan gbà á, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti ń mú àlejò káàkiri odi yẹn, kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Narpat Singh ni orúkọ ọkùnrin náà, ará abúlé kan lápá Barmer. Ọkọ̀ ojú irin tó ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Jaipur, Chittorgarh, Udaipur, Jaisalmer, gbogbo ìlú tí àwọn ọba ti jagun, tí wọ́n sì ti kú, ló máa ń dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Jodhpur. Láti oṣù kẹwàá ni Sugan ti ń tètè jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gíláàsì kan a sì máa ṣẹ́ kù lórí tíréè.

Ohun kan wà tí Narpat kò mọ̀. Yúnifọ́ọ̀mù búlúù kan náà ni gbogbo àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú odi ń wọ̀, wọn kì í sì í lo ohun ọ̀ṣọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó bi ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bóyá Sugan lọ́kọ, onítọ̀hún ní kò lọ́kọ. Irọ́ kọ́ ló pa.

Aṣọ opó aláwọ̀ eérú ni Sugan ń wọ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀, sójà, kú sí ààlà orílẹ̀-èdè nígbà tí ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀yà Rajput ni wọ́n, opó wọn kì í ní ọkọ mìíràn. Bàbá ọkọ rẹ̀, Bhoor Singh, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbà fún un láti ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ẹbí ní kó jókòó sílé. "Ìyàwó mi kò ní dójú tì mí," ló wí fún wọn. Ìyàwó náà ló ń pè é, Sugan a sì máa fi ìborí bo ojú níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Lára ògiri ẹnu ọ̀nà ilé náà ni àtẹ́lẹwọ́ pupa tí Sugan tẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó wà. Bí wọ́n bá ń fi ẹfun kun ilé lọ́dọọdún, wọ́n á fo ibẹ̀. Bàbá tó bí Sugan lọ́mọ a máa fọwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ yẹn bó bá wá kí i, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan omi ilé náà rí títí ó fi kú, torí bàbá kì í mu omi nílé tó bá fọmọ rẹ̀ fún.

Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ ọdún Gangaur, tí àwọn adélébọ̀ ń gbàdúrà fún ẹ̀mí ọkọ wọn, Narpat ra ẹ̀gbà ọwọ́ pupa mẹ́fà, irú èyí tí ìyàwó ń wọ̀, bọ̀ láti Jaipur. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ iṣẹ́ Sugan ló ti nà án sí i. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn.

"Kí ló dé? Ṣé kò ní gba ọwọ́ yín ni?"

"Opó ni mí, Narpat."

Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ó gbàgbé tíréè rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó padà lọ́sẹ̀ kejì, kò dá àpárá kankan.

"Mo ṣì í ṣe, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà yẹn ṣì wà lápò mi, n kò sì rí ẹlòmíì tí mo fẹ́ fún."

"Tóo bá fẹ́ opó, ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa máa pè ọ́ lábúlé yín?"

"Onítíréè ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀rín pa Sugan, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì lè tan ara rẹ̀ jẹ mọ́. "Bàbá ọkọ mi dúró fún mi nígbà tí kò sẹ́ni tó dúró. Tó bá jẹ́ èmi ni màá dójú tì í, kí n má lọ́kọ láéláé."

"N kò ní fagbára mú yín. Ìrìn àjò tó kẹ́yìn lọ́dún yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, màá ní kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíì. Kí n máa rí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìní ìrètí, agbára mi ò gbé e."

Lọ́jọ́ ìrìn àjò tó kẹ́yìn náà, bàbá kan tó wé láwàní funfun dúró lẹ́yìn àwọn àlejò. Sugan kò rí i. Bhoor Singh ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́ ti détí rẹ̀.

Wọ́n dé ẹnubodè onírin, níbi tí àwọn àtẹ́lẹwọ́ kéékèèké wà lára òkúta.

"Àwọn opó ọba ló tẹ ọwọ́ síbí kí wọ́n tó tẹ̀lé òkú ọkọ wọn wọná," ni Sugan wí. "Ohun tó kù nínú wọn nìyí."

Ìyá àgbà kan láàárín àwọn àlejò béèrè pé, "Àwọn opó ìsinsìnyí ńkọ́?"

Sugan mọ gíga ògiri odi yẹn, ó mọ ọdún tí wọ́n rọ àgbá ogun kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò bi í ní èyí rí.

"Wọn kì í wọná mọ́, màmá. Wọ́n wà nílé." Ó fi ìka kan èyí tó kéré jù nínú àwọn àtẹ́lẹwọ́ náà. "Ọwọ́ tiwọn náà ṣì wà lára ògiri."

Narpat dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tíréè. Sugan kò gba omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ó dàbọ̀, Kábíyèsí," ló wí, ó sì yí ẹ̀yìn padà kíákíá.

Nígbà tó délé, ó bá Bhoor Singh níwájú ògiri, ó ká apá aṣọ sókè, garawa ẹfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ògiri ti funfun báláú. Àtẹ́lẹwọ́ pupa kò sí níbẹ̀ mọ́.

Sugan fa ìborí rẹ̀ bo ojú. "Bàbá, n kò gbà fún un! Mo ti lé e lọ! Ẹ má lé mi jáde."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀." Bàbá náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ọdún méje la ti jọ ń gbé, òní ni mo tó rí ojú rẹ. Ojú ọmọdé ni! Mo rò pé mò ń tọ́jú ọwọ́ yẹn nítorí ọmọ mi tó lọ. Nígbà tí mo délé, bí ẹnubodè àwọn opó yẹn gan-an ni ògiri yìí rí lójú mi."

"Níbo ni kí n wáá lọ?"

"Ta ló ń lé ọmọ rẹ̀? Ìyàwó ló ń tẹ ọwọ́ sára ògiri ilé yìí, kì í ṣe ọmọ ilé. Ṣí ìborí yẹn, Sugan. Ọkọ̀ ojú irin yẹn kò tíì lọ, àbí ó ti lọ?"

Wọ́n bá Narpat nídùúró níbùdókọ̀ ojú irin, ó ń tẹrí ba fún àwọn àlejò tó ń wọkọ̀.

"Ìwọ ni onítíréè?" ni Bhoor Singh wí.

"Èmi ni, bàbá."

"Ẹ̀gbà yẹn, fi sápò. Kí bàbá rẹ wá bá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú. A kì í tọrọ ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin."

Ẹbí mẹ́ta ni kò wá síbi ìgbéyàwó náà. Bhoor Singh ló fa ọwọ́ Sugan lé Narpat lọ́wọ́. Nígbà tí ìyàwó dé abúlé ọkọ, ó tẹ ọwọ́ pupa sára ògiri amọ̀, ẹ̀gbà mẹ́fà sì ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, nínú oòrùn Barmer tó ń sun ènìyàn, Bhoor Singh wá kí wọn. Eruku bo láwàní rẹ̀, ètè rẹ̀ ti sán. Narpat sáré gbé omi tútù jáde lórí tíréè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi."

Bàbá àgbà náà wo àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri. Ó rọra ti gíláàsì náà sẹ́yìn.

"Rárá o. Ilé ọmọ mi ni mo wà."

Ó fa ìgò kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó sì mu omi gbígbóná tó gbé wá láti Jodhpur. Sugan jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìbo ojú, ó ń sunkún.