Fídíò Ẹnu Ikùn

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹnu Ikùn! Àwọn tó ti wo fídíò rẹ ti pé ẹgbẹ̀rún méjìlélógún o. Ìgbà wo lo máa ra ìpápánu salteña fún wa jẹ?"

Limbert, ọmọ kíláàsì Rosmery, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Rosmery rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà nílùú Sucre. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fídíò ìṣẹ́jú kan tó ń ṣe múra sílẹ̀ fún ìdánwò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù dá lórí ẹnu ikùn, ìyẹn ibi tí egungun àyà parí sí. "Bí aláìsàn bá ní ẹnu ikùn ń dun òun," ohun tó sọ níbẹ̀ nìyẹn, "ọgbẹ́ inú ni. Ẹ fún un lóògùn ọgbẹ́ inú, kó sì jìnnà sí ata llajua." Kò fi han olùkọ́ kankan, kò fi han Dókítà Arancibia tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù náà pàápàá. Limbert ló sọ fún un pé, "Bó o bá ń dúró de Dókítà Arancibia, ẹlòmíì á ti ṣe é."

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí wọ́n fi gbé obìnrin kan wọlé. Doña Eusebia ni, oyún oṣù mẹ́jọ, ojú rẹ̀ wú, ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú. Magaly, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lọ́dún kejì nílé ìwé àwọn Rosmery, ń sáré tẹ̀ lé e.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Dókítà Arancibia bi Magaly.

"Láti ìjẹta, mà. Ó ní ẹnu ikùn ń dun òun. Mo fún un lóògùn ọgbẹ́ inú."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

"Fídíò kan ni, mà. Nínú gúrúùpù wa."

Rosmery mọ̀ pé fídíò òun ni.

"Aláboyún ni o!" Dókítà náà ń wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru jù. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ké yẹn, kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì wá!"

Gìrì mú Doña Eusebia kí abẹ́rẹ́ tó dé. Wọ́n ti ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Magaly jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún: "Èmi ni mo pa á. Èmi ni."

Limbert fa Rosmery sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Pa fídíò yẹn rẹ́. Ọwọ́ rẹ nìkan ló hàn níbẹ̀. Àwọn dókítà ò lè mọ̀."

"Àwọn tó ti wò ó ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

Rosmery fa fóònù rẹ̀ yọ. Bó bá pa á rẹ́, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún èèyàn á ṣì máa gba irọ́ náà gbọ́. Ó tún gbọ́ ẹkún Magaly. Ó ki fóònù bọ àpò, ó sì lọ dúró de Dókítà Arancibia lẹ́nu yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Èmi ni mo ṣe fídíò yẹn, mà."

Dókítà náà yíjú sí i. "Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Mo rò pé ẹ máa sọ pé n kò mọ nǹkan kan."

"O ò kúkú mọ nǹkan kan. Ìdí tá a fi ń pè ẹ́ lákẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

Wọ́n lé e kúrò ní wọ́ọ̀dù fún oṣù méjì, kò sì lè ṣèdánwò ọdún yẹn. Ó ṣe fídíò mìíràn, ojú rẹ̀ sì hàn níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà Arancibia ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Rosmery sọ níbẹ̀ pé, "Mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe." Àwọn tó wò ó bú u bí ẹni láyin.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà ni Doña Eusebia tó lajú. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè nínú àpótí tó ń mú ọmọ móoru, ó kéré bí ẹyẹlé. Magaly kò tíì bá Rosmery sọ̀rọ̀ títí di òní.

Kò sóhun tó burú nínú ká fi fóònù kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò bá mọ̀ dájú, bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kí o tó fi kọ́ ẹlòmíràn. Bó o bá sì ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, jáde síta, kí o pè wọ́n padà. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò bá béèrè, kì í nìkan ṣìnà.