Àlùwàlá Ẹ̀ẹ̀mejì ní Brussels

Ọ̀rọ̀ bàtà ló kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀.

Hameedah ń bọ̀ láti ìrun Jímọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ funfun báláú látòkè délẹ̀, ìborùn rẹ̀ náà sì funfun. Bó ṣe ń kọjá ní Rye Lane, ní Peckham, London, ni ọkùnrin kan jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn.

"Ẹ má bínú o, Sister. Ṣé ẹ gbàgbé pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ mímọ́ ni? Títì la wà yìí, gbogbo ayé ń wò yín."

Hameedah wo bàtà rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà. Ọlátòkunbọ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ni télọ̀ tó ń rán sutana fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun láti Peckham títí dé Stockwell. Lójú tirẹ̀, obìnrin yòówù tó bá wọ funfun ti di ọmọ ìjọ nìyẹn.

"Aṣọ Jímọ̀ ni mo wọ̀," ni Hameedah dá a lóhùn. "Tí mo bá bọ́ bàtà níbí, pẹ̀lú omi ẹja tí wọ́n ń dà sílẹ̀ yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi fọ ẹsẹ̀?"

Ojú ti télọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun fi tíì tọrọ àforíjì. Hameedah, tí kò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kankan látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, bá ara rẹ̀ lórí àga, ó ń mu tíì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Kò sí aṣọ kankan tó fẹ́ rán.

Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lójoojúmọ́, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Àṣàbí ni Ọlátòkunbọ̀ ń pè é, oríkì tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á yọ́.

Àwọn àgbà ìjọ Ọlátòkunbọ̀ gbọ́, wọ́n ní kí ó mú obìnrin náà wá kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó sọ fún wọn pé obìnrin náà kò dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí síbẹ̀.

Ti Hameedah ló le. Alhaji Ṣàmsúdéènì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú. Òun ló mú un wá sí London, òun ló fi í fọ́kọ, òun náà ló sì dúró tì í níbi òkú ọkọ ọ̀hún. Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àdúgbò ni, kò sì lè gbọ́ pé àbúrò òun fẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ń ba Hameedah pé òun á rí ọkọ, òun á sì pàdánù bàbá kan ṣoṣo tó kù fún òun. Nítorí náà ló ṣe ń fi ìfẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ náà máa ń gba bọ́ọ̀sì ńlá láti lọ wo ìlú òkèèrè. Lọ́dún yìí, Brussels ni. Ìjókòó ṣẹ́ kù, Uncle Dáúdà tó ń gba orúkọ sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ní páṣípọ́ọ̀tù. Báyìí ni Ọlátòkunbọ̀ ṣe wọlé. Òun àti Hameedah ti jọ ṣàdéhùn: òun á jókòó síwájú láàárín àwọn ọkùnrin, Hameedah á wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí.

Òjò ni wọ́n bá ní ọ̀hún. Ó ń rọ̀ bíi pé wọ́n pa á láṣẹ. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn júwe ìlú ń sọ pé ààfin wà lọ́tùn-ún, ilé ìjọba wà lósì, ṣùgbọ́n èémí ènìyàn ti bo gbogbo fèrèsé. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wàyí, ère kékeré kan ni wọ́n mú wọn lọ wò: ọmọkùnrin kan tó wà ní ìhòòhò, tó ń tọ̀.

"Gbogbo ọ̀nà tí a ti ń bọ̀ látàárọ̀," ni Kánsọ́lá, ìyàwó Alhaji, wí, "ọmọ tó ń tọ̀ la wá wò? Ṣebí wọ́n wà ní Peckham."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Láti ìsàlẹ̀ agbòjò rẹ̀, Ọlátòkunbọ̀ wo Hameedah, Hameedah sì gbójú sápá ibòmíràn.

Àkókò ìrun àìlà tó. Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn kékeré kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ibẹ̀ bàjẹ́, ni kálukú bá mú ìgò omi, wọ́n ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Òjò ń na Hameedah lẹ́yìn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣàdédé ló rí i pé òjò dáwọ́ dúró lórí òun nìkan. Ó gbójú sókè: agbòjò Ọlátòkunbọ̀ ni.

"Kúrò níbí," ni ó sọ jẹ́jẹ́.

"Òtútù á mú ẹ, Àṣàbí."

Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti fọ̀ ọ́, òkúta tó tutù yọ̀ ọ́. Kó tó ṣubú, Ọlátòkunbọ̀ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dì í mú ṣinṣin, kò sì tètè fi sílẹ̀.

"Àlùwàlá ti bàjẹ́, ọkùnrin ti fọwọ́ kàn án," ni obìnrin kan wí. Gbogbo wọn yíjú.

Alhaji sún mọ́ wọn, omi ń kán lórí fìlà rẹ̀. "Hameedah, ta ni ọkùnrin yìí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ì bá ní èrò ọkọ̀ kan ló fẹ́ ran òun lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n ó wo Ọlátòkunbọ̀, ó rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ti rin gbingbin, nítorí orí òun nìkan ni agbòjò náà wà. Inú bí i. Ó bí i sí ara rẹ̀. Kí ni òun jí?

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni," ó wí. "Ọlátòkunbọ̀ lorúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni, ní Rye Lane."

"Télọ̀ àwọn aláṣọ funfun yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó máa gba ẹ̀sìn?"

"Rárá. Èmi náà ò sì ní fi tèmi sílẹ̀. A ti sọ ọ́ láàárín ara wa."

Ó mú ìgò omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá rẹ̀ lákọ̀tun: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú. Kò kánjú. Ọlátòkunbọ̀ tún na agbòjò náà sí i lórí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó jìnnà, ó na apá títí ó fi ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìrun, Alhaji dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ó ní ọkùnrin náà kò ní bá àwọn lọ mọ́.

"Kò burú, sà," ni Ọlátòkunbọ̀ wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí Hameedah wọlé, kó má gba òtútù. Èmi á wá ọ̀nà mi."

Hameedah wọlé. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Ó rìn dé ẹ̀yìn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì ń padà bọ̀.

"Tí o bá sọ̀kalẹ̀, má wá sílé mi mọ́," ni Alhaji wí. "N kò ní dúró tì ọ́ níbi ìgbéyàwó kankan."

"Ẹ ti dúró tì mí tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ sin ara mi láàyè."

Kánsọ́lá dìde lórí ìjókòó. Alhaji ní, "Jókòó," ó sì jókòó. Hameedah sọ̀kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì lọ.

Ìgbà yẹn ló sunkún. Ọlátòkunbọ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó fà á mọ́ra lójú pópó àwọn òyìnbó, ó ń sọ pé, "Àṣàbí mi, owó orí rẹ ti pọ̀ jù fún mi láti san." Hameedah rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Fóònù rẹ̀ dún. Adépéjú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni.

"Mum, Uncle Ṣàmsú ń call mi non-stop. Ṣé ẹ wà okay? Ṣé ọkùnrin yẹn nice sí yín?"

"Ó nice."

"Okay then. But ó gbọ́dọ̀ wá greet mi properly, innit."

Wọ́n rìn káàkiri ìlú náà nínú òjò. Àwọn ilé oníwúrà ojúde ńlá tí fèrèsé bọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí wọ́n rí, wọ́n fi ojú ara wọn wò wọ́n. Bọ́ọ̀sì èrò mìíràn ló gbé wọn padà sí London.

Alhaji kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Hameedah pè é títí, kò gbé e. Ó dùn ún wọnú eegun, síbẹ̀ kò yí ọjọ́ ìgbéyàwó padà.

Ní kóòtù ìgbéyàwó, Simeon, ọ̀rẹ́ Ọlátòkunbọ̀, dúró fún un. Adépéjú dúró fún ìyá rẹ̀. Àwọn àga tó kù lápá ìyàwó ṣófo, akọ̀wé sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, tí Kánsọ́lá wọlé, òjò ti pa á. Hameedah ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Èmi nìkan ni," ni Kánsọ́lá wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́?"

"Wọ́n ní kí n má wá. Mo ní mo ti gbọ́." Ó bọ́ kóòtù òjò rẹ̀, ó gbé e lé àga. "Àbúrò ọkọ mi ló ń lọ sílé ọkọ. Tí ẹ̀gbọ́n yín ò bá sìn yín, ìyàwó rẹ̀ á sìn yín. Níbo ni kí n dúró sí?"

Hameedah nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Kánsọ́lá sì wá dúró tì í.